Kì Í Ṣe Oògùn Ló Já Ìjẹ̀bú Kulẹ̀

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín yẹn sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀kọ́ hístírì bá ti dé orí ogun Ìmàgbọ̀n, ẹnì kan á pariwo láti ẹ̀yìn pé oògùn ló já àwọn Ìjẹ̀bú kulẹ̀, kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò gbà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó dojú kọ wọ́n.

Ìbọn Maxim ni. Hiram Maxim, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe é ní 1884. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe físíìsì, ẹ rántí òfin kẹta Newton. Tí ọta bá jáde, ìbọn á sún sẹ́yìn, á gbá ẹni tó yìn ín léjìká. (Ẹ bi àwọn ọdẹ Imasayi.) Agbára tó ń gbáni léjìká yẹn ni Maxim fi ṣiṣẹ́: òun ló ń ju èèpo ọta tó ti jáde dànù, tó ń fa òmíràn wọlé láti ara bẹ́líìtì aláṣọ, tó sì ń yìn ín. Omi wà nínú irin tó yí ẹnu ìbọn ká kó má bàa gbóná jù. Bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ò bá ti gbé ọwọ́ kúrò, nǹkan bí ọta 600 ló lè jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó gba Ẹ̀pẹ́ wọlé pàdé Ìjẹ̀bú létí odò Yemoji. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Ìbọn Snider wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni wọ́n ń kì sí i: o yìn, o tún kì. Lọ́jọ́ kejì Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Abẹ́òkúta gbọ́, ní oṣù Kìn-ín-ní 1893 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter láì jagun rárá.

Ṣé kí Ìjẹ̀bú ra Maxim tiwọn ni? Oníṣòwò ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé kan ní Brussels láti dá òwò ẹrú dúró. Ìyẹn dáa. Inú ìwé kan náà ni wọ́n ti fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ló fà á, pé wọ́n ti ọ̀nà. Òótọ́ ni wọ́n tì í, ó sì ni àwọn oníṣòwò Ìbàdàn lára. Ṣùgbọ́n àwa ọmọ Yewa la máa sọ pé ìlú ò gbọdọ̀ ní ibodè? Nàìjíríà ti bọ́dà Ìdìrókò ní 2019, ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó ṣí i. Ṣé ẹnì kan gbé Maxim wá?

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ tirẹ̀ fún olóòtú kó tó di ọjọ́ Ẹtì.