Ìkànnì Ayétòrò: Ṣé Kó Wà Lábẹ́ Yunifásítì Ni, Àbí Kó Dá Dúró?

Ní 1977, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Wilfrid Laurier ní Kánádà gbé ìwé kan jáde tí Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ lórí ìlú kan létí òkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ròyìn bí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ṣe tẹ ìlú náà dó, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan ṣoṣo, àti bí ọrọ̀ ṣe wọlé tọ̀ wọ́n. Ayétòrò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ni ìlú náà. Ṣùgbọ́n Olowo ni Barrett pè é, nítorí àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀ a máa fi orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí bò. Ọmọ Ayétòrò tó bá ń wá ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ lónìí, tí kò bá mọ àdàpè yẹn, á kọjá lára ìwé náà láìfura.

Ìwé yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí ọ̀rọ̀ ìkànnì ìlú bá délẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó wà ní yunifásítì. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé Ayétòrò lọ láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn; kò dá ibojì sí. Fọ́tò, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ohùn àwọn àgbà tó rántí ìgbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn nílùú láàárín àwọn ọdún 1950: gbogbo wọn ń wá ibi tí omi kò ní dé.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbé ìkànnì kalẹ̀ fún wọn. Èkíní ni ààyè tí àwọn yunifásítì kan máa ń fún olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ lórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tan tọ̀sán-tòru kí ojú ìwé lè ṣí fún ẹni tó bá wá a. Ẹni tó fẹ́ ẹ á kọ fọ́ọ̀mù, á fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i; bó bá jẹ́ ẹgbẹ́, olùkọ́ kan ló sábà máa ń dúró fún wọn; àdírẹ́sì wọn á sì so mọ́ ti ilé ìwé. Èkejì ni kí ẹgbẹ́ ra orúkọ tirẹ̀, bí èyí tó parí sí .org.ng, kó sì máa san owó ààyè lọ́dọọdún fún ilé iṣẹ́ tó ń tà á.

Àwọn tó fara mọ́ yunifásítì ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Owó ló ṣáájú. Ilé iṣẹ́ òkèèrè tó ń ta ààyè, dọ́là ló ń gbà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ bí náírà ṣe ń ṣe sí dọ́là. Owó nìkan kọ́. Akápò á kẹ́kọ̀ọ́ yege, á gba Èkó lọ, ẹni tó kàn kò ní mọ̀ pé owó orúkọ ti tó san. Kí wọ́n tó mọ̀, oníṣòwò tẹ́tẹ́ ti ra orúkọ náà. Lábẹ́ ilé ìwé, kò sí gbèsè ọdọọdún yìí. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ló ń tún sáfà ṣe, tó ń lé àwọn olè orí ayélujára sá. Àdírẹ́sì .edu.ng náà níyì: ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, ẹni tó bá rí i á gbà pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àhesọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé ti gbé ohun ńlá ró rí. Orí kọ̀ǹpútà Yunifásítì Stanford ni Jerry Yang àti David Filo ti bẹ̀rẹ̀ Yahoo ní 1994, google.stanford.edu ni Google ń jẹ́ kí wọ́n tó forúkọ google.com sílẹ̀ ní 1997. Ká wá sórí èdè tiwa, ẹ̀kọ́ Yorùbá Yé Mi tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́ òrùlé Yunifásítì Texas ní Austin ló wà.

Àwọn tó ní kí ìkànnì dá dúró kò ṣàì ní ẹ̀rí tiwọn. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jáde tàbí tí olùkọ́ bá gba ibòmíràn lọ ni kọ́kọ́rọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Yunifásítì tó sún mọ́ Ayétòrò wà ní Òkìtìpupa. OSUSTECH ló ń jẹ́ nígbà tí ìjọba Oǹdó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ olóògbé Olusegun Agagu, gómìnà Oǹdó nígbà kan rí, pè é, osustech.edu.ng sì di oaustech.edu.ng. Kò sí láburú nínú kí wọ́n fi orúkọ dá ẹni iyì lọ́lá, àmọ́ ẹni tó bá so àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́ ti ilé ìwé á máa yí orúkọ nígbàkígbà tí ilé ìwé bá yí i. Ẹ rántí 2022 pẹ̀lú: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún yẹn. Bí sáfà bá kú lásìkò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tan án?

Èyí tó wúwo jù ni òfin ilé. Yunifásítì kì í sábà gba kíkéde ọjà tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú láyè lórí sáfà rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Ayétòrò òde òní kò ṣeé sọ láìdárúkọ ìjọba. Ó ti pẹ́ tí ìlú ti ń ké pé kí wọ́n mọ odi dí òkun, tí iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde kò sì parí. Bí yunifásítì ìjọba bá gba irú igbe bẹ́ẹ̀ sórí sáfà rẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ sí àárín olówó iṣẹ́ rẹ̀ àti olùfẹ̀sùn. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti pa ojú ìwé kan rẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń kọ̀wé lábẹ́ òrùlé bẹ́ẹ̀ á máa fúnra rẹ̀ rẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a wí.

Níbo wá ni mo dúró sí? Iṣẹ́ kíláàsì, ìwádìí olùkọ́ lórí ẹja tàbí ìṣíkiri omi, ojú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan: kí gbogbo wọn wà lábẹ́ yunifásítì láìjanpata. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ ló yẹ wọ́n. Ìrántí odindi ìlú yàtọ̀. Mo gbà kí yunifásítì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan, kódà kó gba ẹrù tó pọ̀ jù bíi fídíò sórí sáfà rẹ̀. Kí àdírẹ́sì tí aráyé ń tẹ̀ jẹ́ ti ìlú fúnra rẹ̀, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún ọdún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, lórúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lọ́wọ́. Bí àdírẹ́sì bá ti jẹ́ tiwọn, ọjọ́ tí sáfà kan bá kú, wọ́n á kó ẹrù lọ sórí òmíràn, ẹni tó ń wá wọn kò ní ṣìnà. Kí ẹ̀dà kẹta sì wà nínú háàdì díìsì lókè ilẹ̀, Igbókòdá tàbí Àkúrẹ́, jìnnà sí òkun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí àwọ̀ àti àwòrán ojú ìwé, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ná. Kí ẹ sì rí i pé Ayétòrò ni wọ́n kọ síbẹ̀.