Ẹ̀yin Òbí, Ẹ Fún Ọmọ Ní Bírò Rẹ̀

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń fún ọmọ ní kílíníìkì kó tó rí dókítà, ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á máa fi àmì sí "kò sí wàhálà" láti òkè délẹ̀. Ó ń dùn mí o. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní PedsQL, tí James Varni ṣe ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè 23 péré ló ní: eré sísá, oorun, ẹ̀rù, yẹ̀yẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń fi í ṣe, iṣẹ́ iléèwé. Ọmọ ọdún 5 lè dáhùn tiẹ̀ tí wọ́n bá kà á fún un. Ti òbí wà lọ́tọ̀.

Ẹ mú ọmọ tó jẹ́ SS. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò lè sọ fún dókítà pé egungun ń ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́, tó sì dákẹ́ kí màmá ẹ̀ má baà páyà. Èmi ẹnjiníà, mi ò jẹ́ tú ẹ́ńjìnì mọ́tò láì kọ́kọ́ bi ẹni tó ń wà á.

Ní ọsibítù ọmọdé Emma ní Amsterdam, láti 2011 ni ọmọ ọdún 8 sókè ti ń dáhùn tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dé, dókítà á sì bá a sọ ọ́. Bí dókítà tiyín bá gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í léèrè ohun tí ọmọ yín kọ.