Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Dá Nìkan Jáde

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní Pobè nígbà tí ìbò bá ń bọ̀: «Lágbájá mọ̀wé, kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í sì í fi òótọ́ pamọ́ níwájú ọlọ́lá, ṣùgbọ́n kò lè wọlé.» Bí a bá ti sọ ọ́ tán, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi ń sọ pé irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtìlẹ́yìn. Ó sún mọ́ ìwà ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀nà ṣe rí. Ní ọdún 2006, Boni Yayi di Ààrẹ Benin láìjẹ́ pé ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀. Ní 2016, Patrice Talon ṣe bákan náà. Ṣùgbọ́n ní 2018, òfin tuntun jáde lórí ẹgbẹ́ òṣèlú àti lórí ìbò. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó ní ilé aṣòfin tàbí ní ìgbìmọ̀ kọ́múùnù gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ orúkọ ẹgbẹ́ kan. Nígbà náà, òfin ọdún 2018 yẹn béèrè pé kí ẹgbẹ́ ní ìdá 10 nínú 100 ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kí ó tó gba ìjókòó. Fún ìbò aṣòfin ọdún 2019, mílíọ̀nù 249 owó sẹ́fà ni ẹgbẹ́ ní láti fi dúró. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ó dé orí ìwé ìdìbò. Ní ìbò kọ́múùnù ti oṣù Karùn-ún 2020, ẹgbẹ́ PRD, tí Ouémé àti Plateau mọ̀ bí ẹní mowó, kò pé ìdá mẹ́wàá náà. Kò rí ìjókòó kan ṣoṣo, àní níbi tí àwọn ènìyàn ti dìbò fún un pàápàá.

Àwọn tí ó ṣe òfin náà ní ìdí tiwọn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó lé ní 200 ni ó wà tẹ́lẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì ju ẹnì kan àti ẹbí rẹ̀ lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ro oko kì í gé àgbàdo mọ́ èpò.

Kí wá ni ẹni tí ó ní ọkàn tirẹ̀ yóò ṣe? Dandan ni kí ó gba ẹnu ọ̀nà ẹgbẹ́ kan wọlé. Ibí yìí gan-an ni àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dúró sílé, a ó ní ojo ni. Bí ó bá wọ ẹgbẹ́, a ó ní ó ti ta ara rẹ̀. Bí ó bá ní kí a bá òun jáde, a ó bi í pé èló ni ó mú wá. Ẹni tí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀, tí ẹgbẹ́ ra aṣọ ìpolongo rẹ̀, tí ẹgbẹ́ bọ́ àwọn tí ó tẹ̀lé e, ta ni yóò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu bí ó bá wọlé? Ọwọ́ tí ń fúnni ni í lékè.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ó máa sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àwa ni kí a bá a gbé ẹrù náà. Kí a dá owó epo ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ara wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin ìbò. Iṣẹ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó fún àwọn ìyá wa ní ọjà Pobè àti Sakété, kí wọ́n mọ ibi tí ìbò wọn ń gbà lọ. Ní ọjọ́ ìbò, kí a dúró títí wọn yóò fi kà á tán. Bí ó bá sì wọlé, kí a má ṣe lọ tọrọ iṣẹ́ fún ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ni kí a bi í.

Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí ilẹ̀ yìí dìde sí ìjọba Faransé, a sì ń fi wọ́n yangàn títí di òní. Kì í ṣe ẹnì kan ni ó dìde nígbà náà nígbà tí àwọn yòókù jókòó tí wọ́n ń yìn ín. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ọ̀rẹ́ wa bá tún jáde, ẹ jẹ́ kí ó wẹ̀yìn, kí ó sì rí wa.