Ẹ Má Ṣe Di Ẹrù Iṣẹ́ Ilé Ru Ọmọ Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní ìdálẹ̀ jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò, pàápàá jù lọ àwa tí a fi Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Sókótó ṣe ibùgbé. Ta ni ń ṣe iṣẹ́ ilé nínú ilé wa? Ọmọ ọdún mélòó sì ni ẹni náà nígbà tí a gbé gbogbo rẹ̀ kà á lórí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo yà sí ilé ará wa kan ní Sábọ̀n-Gàrí ní Kánò. Agogo méje kò tíì lù. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ ti gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́ alẹ́ àná, ó ti ra kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin lọ́wọ́ Haúsá tí ń ti ọmọlanke omi kiri, ó sì ń wẹ àbúrò rẹ̀ tí ó kéré jù lọ lọ́wọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 9, èkejì ọmọ ọdún 6, jókòó, wọ́n ń dúró de oúnjẹ. Mo bi ìyá wọn léèrè bóyá ọmọ yìí kò ní pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti mọ́ ọn lára, Bàbá. Òun ni ìyá kejì nínú ilé yìí." Ọ̀rọ̀ ìyìn ni obìnrin náà kà á sí, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé ọkàn. Ọmọ ọdún 11 kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni.

N kò dá ìyá náà lẹ́bi pátápátá. Bí ó bá jẹ́ ilé ni ó wà, nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀, ìyá àgbà ìbá wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ìbá wà, ọmọ méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìbá sì máa jí sí àgbàlá kan náà. Iṣẹ́ a máa pín ara rẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá gbá ìta yóò pọn omi, ẹni tí kò bá pọn omi yóò ṣa igi ìdáná. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, yàrá méjì ni bàbá háyà, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, tọkọtaya sì ní láti dé ìsọ̀ kí oòrùn tó mú. Àṣà wa pé àbúrò ni ó yẹ kí á rán níṣẹ́, tí ó dára nínú agbo ilé, a máa yí padà di ìrẹ́jẹ nínú yàrá méjì. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ilé ìdáná, a kì í tilẹ̀ ka ipò ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹni tí ó jẹ́ obìnrin ni yóò ṣe é.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹnì kan ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fetí sí i dáradára. Ó ń sọ fún wa pé ohun kan wà nínú akèrègbè tí ó jẹ́ pé ọwọ́ kékeré nìkan ni ó lè yọ ọ́. Ọmọdé kì í ṣe àlejò nínú ilé. Àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kò dúró kí ọmọ gbọ́n tán kí wọ́n tó fún un ní òwú ká. Láti kékeré ni ọmọ ti ń jókòó ti òfì, tí ó sì ń mọ ipa tirẹ̀.

Ọmọ ọdún 4 lè kó bàtà tirẹ̀ sí ààyè rẹ̀, ó lè ka ṣíbí fún iye ẹni tí yóò jẹun. Bí ìyá bá ra ẹ̀wà wálé láti ọjà Dáwànáù, kí ó da díẹ̀ sínú àwo fún un, kí òun àti rẹ̀ jọ máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 lè fọ ife àti abọ́ oníke, ó lè bó ẹ̀gúsí, ó sì lè ká aṣọ. Nígbà tí ó bá fi di ọmọ ọdún 9, kò sí ìdí tí ẹlòmíràn yóò fi máa fọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un. Ohun tí kò yẹ kí ó kan ọmọdé ni sítóòfù, iná gáàsì, omi gbígbóná àti ẹnu kànga. Mo ti rí ọmọ kékeré tí wọ́n ní kí ó bu kẹrosíìnì sínú sítóòfù tí ó ṣì ń jó. Ewu ni wọ́n fi ìyẹn kọ́ ọmọ, kì í ṣe iṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá yóò sọ: pé ọmọdé a máa fi àkókò ṣòfò, pé a máa fọ́ abọ́, pé ìdajì ilẹ̀ ni yóò gbá. Òótọ́ ni. Ẹ fi ìdajì náà sílẹ̀ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má sì tún un gbá lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ dúró tì í. Bí ó bá ṣe é dáradára, ẹ fi oríkì rẹ̀ kí i. Àjàní tí a kì nítorí pé ó fọ abọ́ kò ní gbàgbé abọ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ iṣẹ́ ilé di ìyà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ nìkan ni a ń gbé ìgbálẹ̀ lé e lọ́wọ́, pàṣán ni yóò máa kà á sí.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwa ará ìdálẹ̀. Ní ìta, èdè Haúsá ni àwọn ọmọ wa ń sọ. Ní ilé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibo ni wọn yóò ti gbọ́ orógùn, ìjábẹ̀, asẹ́ àti ọlọ, bí kò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ìyá tí ń lò wọ́n? Ẹni tí kò bá bá wa ṣiṣẹ́ kò lè bá wa sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọmọ tí a rán pé kí ó gbé ìjábẹ̀ wá, tí ó sì gbé e wá, ti kọ́ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn mìíràn rò pé àwọn ti bọ́ nínú ìṣòro yìí, nítorí pé wọ́n lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti ilé. Ẹ ṣọ́ra. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ní abala 28 pé a kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ilé tirẹ̀ tàbí àyíká ẹbí rẹ̀. Òfin yìí kan náà, ní abala 19, sọ pé ojúṣe ọmọ ni láti bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ àti láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà àìní. Ẹ ó rí i pé òfin kò bá iṣẹ́ jà. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tí ń ṣẹrú fún ọmọ wa ni ó ń bá jà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí pé ọmọ ẹbí òun ni ọmọ náà, kí ó jẹ́ kí ó bá àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀, kí gbogbo wọn sì jọ pín abọ́ fọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ku ti ọmọkùnrin, níbi tí àwa bàbá ti ń le jù. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn baba wa ti ń gba ọ̀nà yìí wá. Àpọ́n ni púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n dé. Ẹni tí kò lówó oúnjẹ ọjà lọ́wọ́ nínú wọn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń dáná. Àgbẹ̀ tí ó sùn sí abà ní ilé kì í pe ìyàwó wá sun iṣu fún òun. Nígbà wo wá ni ilé ìdáná di èèwọ̀ fún ọmọ wọn?

Mo tún yà sí ilé náà ní Sábọ̀n-Gàrí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìyá ti pín iṣẹ́: abọ́ ti di ti ọmọ ọdún 9, ìta àti ṣíbí di ti ọmọ ọdún 6. Mo bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jiyàn, ní èdè Yorùbá, lórí ẹni tí ó gbé kàǹkàn sọnù. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ tán, ó ń ka ìwé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wọn kò tíì gbà kí ọmọkùnrin òun ro àmàlà. Mo sọ fún un pé n óò padà wá lórí ìyẹn.