Ohun Ìjà Tí Kò Ní Èèwọ̀, Irọ́ Ni

Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ro ohun ìjà abàmì kan fún eré, mẹ́sàn-án nínú wọn yóò mú irú kan náà wá: idà tí ń pa ẹnikẹ́ni, ìbọn tí ọta rẹ̀ kì í tán, òrùka tí ohunkóhun kò lè ran ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Wọ́n á fún un ní orúkọ ńlá, wọ́n á ya iná sí i lára, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Èmi ní iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun ìjà tí kò ní èèwọ̀ kì í ṣe ohun ìjà inú ìtàn. Irọ́ ni, irọ́ náà sì léwu ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan nínú wa ni apàlọ́. Òun ni yóò máa sọ ibi tí a wà àti ohun tó wà níwájú wa. Àwọn yòókù yóò mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan: ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, ìyá oníṣègùn, ọmọ ọba tó sá nílé. Olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ẹ̀dá tirẹ̀ fẹ́ ṣe, a ó sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé èyí tó lókìkí jù nínú irú eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974; Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Kò gba iná NEPA, kò gba dátà. Bébà, pẹ́ńsù àti dáìsì lúdò ti tó.

Ohun ìjà abàmì ni gbogbo ẹni tó ń ṣe eré yìí máa ń lé. Ó yẹ kí a bi ara wa, nígbà náà, pé kí ni ó ń sọ ohun ìjà di abàmì? Àwọn ẹgbẹ́ mi á ní, “Agbára ni.” Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ná kí a tó wo òde.

Gbogbo wa mọ Ṣàngó, Ọba Ọ̀yọ́, pẹ̀lú oṣé olójú méjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn rẹ̀ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ṣàngó ní oògùn tó fi ń pe àrá. Ó gun òkè láti dán an wò, àrá náà sì já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa ìyàwó, ó pa ọmọ. Ẹ wo Ògún. Ó dé Ìrè-Èkìtì lọ́jọ́ tí àwọn ará ìlú ń ṣe àpèjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kí i, ó sì gbé agbè ẹmu, òfìfo ni. Ó fa idà yọ, ó bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ẹ wo Ọ̀rànmíyàn. Ó ṣèlérí fún Ifẹ̀ pé bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Àwọn kan pè é nígbà tí ogun kò sí. Ó jáde lóòótọ́, ó sì ń pa ọmọ Ifẹ̀ lọ títí ó fi mọ̀ pé ará ilé ni wọ́n. Ọ̀pá rẹ̀ ṣì dúró ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí, òkúta tó ga tó mítà márùn-ún àbọ̀, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára.

Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ohun ìjà tí agbára rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ta ni ó jìyà rẹ̀? Ará ilé ni. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ fún wa ni pé agbára tí kò ní ìjánu, ẹni tó ni ín ni ó ń kọ́kọ́ pa. Wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Àwọn ará òkèèrè pàápàá mọ èyí. Òòlù Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, ní àbùkù nínú ìtàn wọn: ibi ìdìmú rẹ̀ kúrú jù. Nínú The Hobbit tí Tolkien gbé jáde ní 1937, idà kékeré tí wọ́n ń pè ní Sting kò ju kí ó máa tàn nígbà tí ọ̀tá bá wà nítòsí. Ó ń kìlọ̀ ni; ẹni tó mú un lọ́wọ́ ni yóò gboyà fúnra rẹ̀. Ní ọdún kejì, 1938, Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àkàrà-Ògùn kún fún oògùn, síbẹ̀ ìjà òun àti Àgbákò kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá. Bí oògùn bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán lójú ìwé kejì, ta ni yóò ṣí ojú ìwé kẹta?

Ẹnì kan lè ní, “Eré ni, a fẹ́ borí ni.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí idà rẹ bá ń pa gbogbo ẹni tó bá kọjú sí i, kí ni a ń ju dáìsì fún? Bí ẹni tó ń ta ayò ló rí, tó ti kó gbogbo ọmọ ayò sápò kí ọ̀tá rẹ̀ tó jókòó. Òun nìkan ni yóò máa pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù lọ́nà mìíràn. Wọ́n ní irú eré yìí yóò mú ọmọ wọ inú oògùn. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ewu wà gan-an. Kì í pẹ́ kí a tó tún gbọ́ nínú ìròyìn ní Nàìjíríà pé ọ̀dọ́kùnrin kan so ayẹta mọ́ra, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun yìnbọn lu òun, ó sì kú. Kì í ṣe eré orí bébà ni ó pa á. Ìtàn tí wọ́n ti gé ìdajì rẹ̀ dànù ni ó pa á: fíìmù tó fi hàn pé a gbé oògùn wọ̀ ní òwúrọ̀, a sì di akọni ní ọ̀sán, láìsí èèwọ̀, láìsí ohun tí a ó san. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé gbogbo agbára ní ibi tó ti ń kùnà, oníṣègùn ẹlẹ́tàn kò ní tètè rí i tàn jẹ. Ẹ má gba bébà lọ́wọ́ wa. Ẹ bi wá léèrè èèwọ̀ ni.

Ní ẹkùn tiwa yìí, a kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀kọ́ náà. Kétu, ìyá ọ̀pọ̀ ìlú wa, ní odi, yàrà àti ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà, tó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun ìjà ni ẹnubodè yẹn, kódà ó ju idà lọ, torí pé gbogbo ìlú ni ó ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dó ti ìlú náà títí ebi fi wọlé, Kétu sì ṣubú. Ẹnubodè náà kò ṣẹ̀. Kò sí ẹnubodè tí ń fún ọmọ lóúnjẹ ni. Ní August 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà, Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, àwa bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà di ará ilẹ̀ méjì.

Láti inú ìtàn yìí ni mo ti rọ ohun ìjà tèmi, kí ẹ má baà ní mo kàn ń pariwo. Àdá Ọmọ-Ìyá ni orúkọ rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan rọ ọ́ láti ara ọkọ́ tó ti gbó tí àwọn àgbẹ̀ ìhà méjèèjì ààlà kó jọ. Agbára rẹ̀: bí o bá fi ṣóńṣó rẹ̀ fa ilà sílẹ̀, ẹni tó ń lé aláìlẹ́ṣẹ̀ kò ní lè kọjá ilà náà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Èèwọ̀ rẹ̀: o kò gbọdọ̀ gbé e sókè sí ẹni tó bá kí ọ ní èdè ìyá rẹ, bí o bá gbé e, yóò wúwo bí ọlọ, kò sì ní gbéra. Ohun tí o ó san: gbogbo ìgbà tí o bá fa ilà, orúkọ mọ̀lẹ́bí rẹ kan yóò pa rẹ́ lọ́kàn rẹ.

Ẹ wo bí eré ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tá ti gbọ́ nípa èèwọ̀ náà, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “ẹ kú ìrọ̀lẹ́.” Kí ni akọni yóò ṣe? Ó ti gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣé yóò tún fa ilà kan sí i, kí orúkọ ìyá rẹ̀ náà lọ? Dáìsì nìkan kò lè dáhùn ìyẹn. Ó gba ọgbọ́n, ó gba ìfẹ́, ó gba kí àwa tí a jókòó yí tábìlì ká bá ara wa sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ rọ ohun ìjà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó rọ ọ́, torí kí ni? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ gbé ìbéèrè mẹ́ta yìí wọ kíláàsì lítíréṣọ̀, kí ìtàn Ọ̀rànmíyàn má jẹ́ ohun tí a há sórí fún ìdánwò WAEC nìkan. Bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ̀bẹ tó ń gbẹ́ èkù ara rẹ̀, kò tíì gbọ́ ìtàn kankan rí.