Onílù Tó Wà Nísàlẹ̀ Odò

Bí ọmọdé bá ṣàdédé ń fún àgbà lésì, tàbí tí ọ̀dọ́ olóṣèlú kan tí kò ní kọ́bọ̀ lápò bá gbé pátákó ìpolongo káàkiri ìlú, òwe kan náà ní í bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà: ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ohùn ìfura ni wọ́n sábà fi ń pa á. Wọ́n ti rí ijó, wọn ò rí ìlù, wọ́n sì gbà pé ẹni tó fara pamọ́ kò fara pamọ́ lásán. Nínú ẹjọ́ ẹbí àti nínú òṣèlú, ìfura yẹn tọ́. Àmọ́ ibì kan wà tí ìfarapamọ́ onílù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ gan-an, tí wọ́n sì ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ nílé ìwé. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn ìtàgé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ ẹ̀ka Tíátà ní yunifásítì, ojú iná ni wọ́n ń lé. Wọ́n ti wo fíìmù títí, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń sunkún láìfi ata sójú. Ìgbà tí wọ́n bá wá pín iṣẹ́ fún eré ìparí sáà, tí orúkọ ẹnì kan já sí abẹ́ iná àti ohùn, ojú olúwarẹ̀ á fà ro. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa há ọ̀rọ̀ eré sórí, òun á máa ká wáyà. Màmá rẹ̀ tó bá wá wòran láti ilé á wo ìtàgé títí, kò ní rí ọmọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹwà kankan nínú. Ìṣirò ni. Iná ìtàgé àtijọ́ kan tí gílóòbù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1000, lórí iná mànàmáná 230 fólítì tí à ń lò ní Nàìjíríà, ń fa áńpìà mẹ́rin àti díẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri kò gbà ju áńpìà 13 lọ. Iná méjì á wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ẹ̀kẹta ti dé etí bèbè, ẹni tó bá sì ki ẹ̀kẹrin bọ̀ ọ́ ń wá òórùn rọ́bà tó ń jó. Wọ́n á tún kọ́ ọ pé wáyà tó ṣì wà ní kíká sára àgbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé iná ńlá, àfi kí wọ́n tú u sílẹ̀ tán, torí ooru inú rẹ̀ kò ní ríbi gbà jáde, rọ́bà tó bò ó á sì yọ́. Gílóòbù halogen ńkọ́? A kì í fọwọ́ lásán mú un. Ọ̀rá ìka tó bá lẹ̀ mọ́ dígí rẹ̀ á jẹ́ kí ojú ibẹ̀ gbóná ju ìyókù lọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Aṣọ mímọ́ tàbí ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi ń dì í mú.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?” ni ọ̀gá oníná á bèèrè bí gílóòbù tuntun bá kú lọ́jọ́ kejì.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ ni.”

“Wàá mọ̀ tó o bá gun àkàsọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Iṣẹ́ yìí ti wà kí yunifásítì tó dá ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀. Hubert Ògúńdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó ní 1944, àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó tó tẹ̀ lé e sì ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ru ẹrù eré láti ìlú dé ìlú. Níbi tí iná mànàmáná ò bá dé, àtùpà gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbára lé, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ló sì ń fún àtùpà yẹn ní atẹ́gùn kó má baà kú láàrin eré. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963, tó sì gbé e lọ sí Berlin ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iná tí Ṣàngó ń yọ lẹ́nu lọ́rọ̀ tó kù lẹ́nu àwọn tó wò ó. Ta ló mú ìyókù ìtàgé ṣókùnkùn kí iná ẹnu yẹn tó lè hàn? Ìtàn kò sábà kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó ti rí bẹ́ẹ̀ náà nílé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá School of Drama sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation, Geoffrey Axworthy sì ni olórí àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kàwé nípa tíátà Nàìjíríà á dárúkọ Axworthy, á dárúkọ Wọlé Ṣóyínká tó jẹ olórí lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá ló máa dárúkọ Dexter Lyndersay, ọmọ Trinidad tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ní iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtàgé láwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Ìwé òyìnbó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iná. Ní 1932, Stanley McCandless, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí àwọn oníná ṣì ń kọ́ dòní. Ó ní kí iná méjì kọjú sí òṣèré láti iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n dà wálẹ̀ ní dígírì 45, kí àwọ̀ ọ̀kan móoru, kí ti èkejì tutù. Ìlànà tó dára ni. Àmọ́ gbọ̀ngàn tí gbogbo òǹwòran jókòó sí iwájú ló fi ọkàn sí. Ní Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọlá Rótìmí ti ṣe The Gods Are Not to Blame ní 1968, agbo ilé kan tí wọ́n sọ àgbàlá rẹ̀ di ibi ìṣeré ni, èrò sì yí òṣèré ká. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, iná tó mọ́ ojú òṣèré láti apá òsì ló ń wọ ojú òǹwòran tó jókòó lápá ọ̀tún lọ tààrà. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé iná náà ròkè kó lè da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ ṣánṣán, ìgbà náà ni òjìji á wá bo kòtò ojú òṣèré. Á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n lè fi gbogbo òru ṣe èyí.

Ọ̀rọ̀ awọ ara náà wà níbẹ̀. Awọ dúdú ń gba ìmọ́lẹ̀ mu ju awọ funfun lọ, torí náà búlúù líle tí wọ́n fi ń ṣe òru lè gbé ojú òṣèré wa mì pátápátá. Iná tó ń ti ẹ̀yìn wá, tó ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí orí àti èjìká ká, ló ń yọ òṣèré kúrò lára òkùnkùn.

Aṣọ ló tún le jù. Ẹ gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí aró rẹ̀ mu dáadáa sábẹ́ iná tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn bò lójú. Kò sí búlúù nínú ìmọ́lẹ̀ náà tí aró yóò dá padà, ló bá di dúdú, funfun tí aládìrẹ fi ìyẹ́ adìyẹ yà sí i náà á di ọsàn. Gbogbo rírẹ tí wọ́n rẹ aṣọ yẹn lárẹ̀ẹ̀rẹ́ nínú ìkòkò aró ti já sófo. Sányán tí wọ́n gbé sábẹ́ iná yìí kan náà á máa dán yinrin. Tí òṣèré bá sì wọ ẹtù dúró níwájú aṣọ dúdú tí wọ́n ta sẹ́yìn ìtàgé, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni òǹwòran á máa rí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá kì í fi í dúró dọjọ́ eré. Á tọ aláṣọ lọ, á yá gèlè kan, á yá fìlà kan, á máa fi wọ́n wò lábẹ́ ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin títí yóò fi mọ èyí tó bá wọn lára mu.

Ibi tí òwe yẹn wá jinlẹ̀ sí rèé. A sábà máa ń rò pé onílù ló ń pàṣẹ, tí ìròmi kàn ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jókòó nídìí ẹ̀rọ iná lálẹ́ ọjọ́ kan á mọ̀ pé ojú onílù gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ oníjó. Nínú Death and the King's Horseman tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, tó sì fúnra rẹ̀ darí ní Ifẹ̀ ní 1976, ọjà tó ń palẹ̀ mọ́ ni eré ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn òṣùpá lójú ọ̀run sì ni Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó gbọ́dọ̀ kú tẹ̀ lé ọba rẹ̀, fi ń mọ̀ pé àkókò òun tó. Òṣùpá yẹn, oníná ló máa gbé e rìn. Tó bá yára jù, Ẹlẹ́ṣin ò tíì jó dé ibi tí ó yẹ kó jó dé. Tó bá pẹ́, àwọn onílù á ti mú Ẹlẹ́ṣin àti àwọn obìnrin ọjà kọjá ibẹ̀. Alákòóso ìtàgé á máa sọ̀rọ̀ sí i létí pé “Iná mẹ́rìndínlógún, múra,” á sì dákẹ́. Kó tó ní “Ó yá,” akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọdọ̀ mí, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lára Ẹlẹ́ṣin, torí pé òṣèré tí eré wọ̀ lára lálẹ́ yìí lè dúró pẹ́ ju ti àná lọ.

Bó bá ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ ńkọ́? Òṣèré á wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, èrò á sì máa kùn pé ọ̀rọ̀ ti fò ó lórí. Ìròmi ni ìtìjú náà ń bá. Mo rò pé ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ọmọ tó bá wọ ẹ̀ka yìí ni pé ojú ẹlòmíì ni àṣìṣe wọn á ti máa hàn.

Ìgbà míì ó ju ìtìjú lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ní Iroquois Theatre ní ìlú Chicago, iná ìtàgé kan ta pàrà sí aṣọ ìkélé nígbà eré ọ̀sán. Eddie Foy, aláwàdà tí èrò tìtorí rẹ̀ wá, dúró sórí ìtàgé, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, ó sì ní kí àwọn olórin máa lu ohun èlò wọn lọ. Aṣọ tó yẹ kó dí iná mọ́ orí ìtàgé há sókè, kò sọ̀ kalẹ̀ tán. Ó lé ní 600 ènìyàn tó kú. Gbogbo ojú wà lára Foy, lókè orí rẹ̀ sì ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohùn, ní tèmi, ṣòro ju iná lọ. Ojú máa ń dárí jini, etí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ti gbọ́ makirofóònù tó han gooro lójú agbo tí olórí àlejò di etí. Ohun tó fà á ni pé makirofóònù gbọ́ ohùn tó jáde lára sípíkà, ó gbé e padà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ fi agbára kún un, sípíkà tún pariwo rẹ̀ sí makirofóònù. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á máa gbá orí makirofóònù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á gbé sípíkà síwájú makirofóònù, á sì dín agbára tó fún un kù. Gángan tún ní wàhálà tirẹ̀: ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gé ohùn ìsàlẹ̀ lulẹ̀ kí gbọ̀ngàn má baà máa dún gbì-gbì lè jẹ́ kí ìlù máa dún geere, kí oríkì tó ń kì má sì yé ẹnikẹ́ni.

Ní pápá gbalasa, ìṣirò á tún dé. Nǹkan bí mítà 343 ni ohùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sípíkà tí wọ́n gbé sí mítà 34 sẹ́yìn ń gba ọ̀rọ̀ láti inú wáyà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ohùn ti iwájú ṣì wà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan náà á wá máa dún lẹ́ẹ̀mejì létí ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ á dá sípíkà ẹ̀yìn dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn méjèèjì á sì jọ dé pọ̀.

Onílù yìí náà sì ní onílù tirẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń pín iná mànàmáná, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tíátà ló ti dá eré dúró láàrin torí iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour” kò lè tan ẹyọ iná wáàtì 1000 kan ṣoṣo. LED ló mú ìrọ̀rùn dé. Irú rẹ̀ tí kò ju wáàtì 200 lọ ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí iná àtijọ́ ń ṣe, kì í gbóná bíi tirẹ̀, bọ́tìnnì sì ni wọ́n fi ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà láìsí pé ẹnikẹ́ni gun àkàsọ̀. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kan ń ráhùn pé àwọ̀ rẹ̀ ò móoru tó lára èèyàn. Wọn ò parọ́, pàápàá bí LED náà bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, iná tí kò móoru tó sàn ju iná tí kò tàn lọ.

Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí yanjú kì í sábà jókòó sílé. Gbọ̀ngàn ńlá ti Iganmu l'Ékòó tí wọ́n ṣí ní 1976 fún ìpalẹ̀mọ́ àjọ̀dún àṣà FESTAC, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024, nílò wọn. Ilé ìjọsìn ńláńlá nílò wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́. Òde ìyàwó, àṣekágbá orin, ìpàdé àwọn ilé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹni tó mọ iye áńpìà tí wáyà kan lè gbé. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dáńtọ́ nínú wọn fún ayẹyẹ oṣù Kejìlá l'Ékòó, kó ti máa pè é láti oṣù Kẹsàn-án, kó sì bi í léèrè irú jẹnẹrétọ̀ tó máa gbà kó tó sanwó gbọ̀ngàn.