Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré: Ohun tó sọ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù Yorùbá di ìjà àti ariwo

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní gáréèjì Ìdó rí yóò mọ ọgbọ́n àwọn tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì. Wọn kì í kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kí gbogbo ọkọ̀ lè ṣe àmín, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá béèrè pé ta ni ẹ̀yìn ń dùn. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn tó ń gbé fíìmù Yorùbá sórí YouTube ń dá báyìí, àfi pé tàwọn kan nínú wọn ti kọjá ọgbọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí orúkọ òṣèré kankan tó jáde, obìnrin kan ti ń ké tòò, ọkùnrin kan ti di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́rùn aṣọ mú, bẹ́ẹ̀ ìparí fíìmù ni ìjà náà wà. Òmíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwòrán àti àkọlé tí wọ́n fi pe èèyàn kò bá iṣẹ́ náà tan rárá.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ràn ariwo. YouTube máa ń fi han ẹni tó ni fídíò, iye òǹwòran tó kù nígbà tó bá pé ìṣẹ́jú àáyá 30, àti ibi tí àwọn yòókù ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Láti ọdún 2012 sì ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń wo bí èèyàn ṣe pẹ́ tó nídìí fídíò kí wọ́n tó gbé e síwájú ẹlòmíràn, kì í ṣe iye ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nìkan. Àwọn aláwàdà orí Instagram ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú: nígbà tí fídíò débẹ̀ lọ́dún 2013, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni wọ́n fún wọn. Níbo ni wọn yóò ti ráyè kí èèyàn?

Ṣùgbọ́n àwọn baba tó fi eré lélẹ̀ fún wa náà mọ̀ pé ojú òǹwòran ṣòro í mú. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ìdó, ló ní kí Hubert Ògúndé ṣe eré tí wọ́n gbé jáde ní gbọ̀ngàn Glover lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 1944. Nínú eré àwọn Ògúndé, orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣíde. Ó ń dá èèyàn lára yá, nígbà mìíràn sì rèé, ó ń sọ ohun tí eré náà dá lé fún un. Ohun tí wọ́n bá ṣèlérí nínú ìṣíde náà ni èrò máa bá nínú eré.

Ibi tí tòde òní ti yàtọ̀ nìyẹn. Lóṣù Kìíní, ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Dátà ni èèyàn Múṣin àti Yaba fi ń ra ìjókòó lóde eré báyìí, bí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù bá sì parọ́, owó wọn ló lọ. Onífíìmù tó rò pé irọ́ náà kò ná òun ní nǹkan kan, kó wo àkọsílẹ̀ tí YouTube fi lé e lọ́wọ́, kó wá ibi tí èrò ti já sílẹ̀.